Ìdógùn-ún tó ń fi oòrùn la omi sí méjì

Téèyàn bá dúró níbi tó ga díẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ tó wá bojú wolẹ̀ sọ́nà Tákìé, páànù tó ti dógùn-ún ló máa kọ́kọ́ rí, pupa láti ilé dé ilé. Ohun tí Bíbélì ń pè ní ìpáàrà nìyẹn, ìbátan ẹ̀ náà ló wà nínú ilẹ̀ pupa tó ń ba aṣọ funfun jẹ́ níbẹ̀. Irin tó dì mọ́ ọ́síjìn ni, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òun làwọn onísáyẹ́ǹsì ń bá jìjàkadì láti ọjọ́ pípẹ́, torí ó lè gba oòrùn kó fi la omi sí méjì, háídírójìn lọ́tọ̀, ọ́síjìn lọ́tọ̀, kéèyàn wá tọ́jú háídírójìn yẹn pa mọ́ bíi gáàsì ìdáná.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Wọ́n á fi ìdógùn-ún tó fẹ́lẹ́ gan-an sára gíláàsì tí iná mànàmáná lè gba ara ẹ̀ kọjá, wọ́n á kì í bọ omi tí wọ́n ti po sódà sí, wọ́n á wá fi wáyà so ó mọ́ irin kan tó ń jẹ́ platinum lódìkejì. Tí oòrùn bá kan ìdógùn-ún, á ta ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan (hóró bíńtín tó ń gbé iná mànàmáná) nídìí, ìyẹn á gbéra, àyè ẹ̀ á ṣófo, ihò ni wọ́n ń pe àyè tó ṣófo yẹn. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù á gba ẹ̀yìn bọ́ sínú wáyà, ó di ọ̀dọ̀ platinum, ibẹ̀ ni háídírójìn ti ń jáde. Ihò ní tiẹ̀ gbọ́dọ̀ rìn dé ojú ibi tí ìdógùn-ún ti kan omi, kó já ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù gbà lọ́wọ́ omi, ìyẹn ló ń bí ọ́síjìn. Iná tí omi ń béèrè kó tó là ò lè dín ní 1.23 volt, lójú iṣẹ́ ó máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Titanium oxide ni àwọn onísáyẹ́ǹsì méjì, Fujishima àti Honda, fi ṣe é ní Jàpáánù, 1972 ni wọ́n gbé e jáde. Ìyẹ̀fun funfun inú ọ̀dà ilé nìyẹn, funfun ẹ̀ gan-an sì ni ìṣòro ẹ̀, torí nǹkan tó bá funfun, ó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà ni, kì í jẹ ẹ́. Ìtànṣán tójú ò rí nìkan ló ń jẹ, ìyẹn ò sì ju nǹkan bíi 5 nínú 100 agbára oòrùn lọ. Ìdógùn-ún pupa torí ó ń jẹ búlúù àti gríìnì, ó ṣẹ́ pupa kù fún wa. Lórí ìwé, ó lè sọ nǹkan bíi 15 nínú 100 agbára oòrùn di háídírójìn.

Orí ìwé nìyẹn o. Ihò inú ìdógùn-ún kì í rìn jìnnà, nánómítà 2 sí 4 ni wọ́n sábà máa ń kà fún un kí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù mìíràn tó padà dí i (irun orí èèyàn kan á nípọn tó 70,000 nánómítà, ẹ wo ọ̀ràn). Bẹ́ẹ̀ ìdógùn-ún gbọ́dọ̀ nípọn ju nánómítà 100 lọ kó tó lè gba ìmọ́lẹ̀ tán. Bíi máńgòrò Ògbómọ̀ṣọ́ tó pọ́n sínú oko tí mọ́tò ò lè dé, ó ti rà kó tó kan ọjà.

Ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i ni kí wọ́n má ṣe tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ mọ́, kí wọ́n jẹ́ kó hù bí ìgbálẹ̀ tí wọ́n gbé ìdí ẹ̀ kalẹ̀. Wọ́n á po iyọ̀ irin kan mọ́ omi, wọ́n á fi gíláàsì ti ẹ̀gbẹ́ ife, ojú tó ń gbé iná á kọjú sísàlẹ̀, wọ́n á gbé e sínú ààrò tó gbóná tó 100°C fún wákàtí mélòó kan. Tí wọ́n bá yọ ọ́, yẹ́lò ló máa jẹ́, bíi ẹ̀bà elépo. Wọ́n á ṣàn án, wọ́n á tún yan án ní 500°C sókè, ìgbà yẹn ló ń pupa. Ìmọ́lẹ̀ á gba gígùn ọ̀pá ìgbálẹ̀ wọlé, ihò á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, torí omi wà láàárín ọ̀pá kan sí èkejì.

Ìdógùn-ún ò tún mọ iná gbé. Wọ́n máa ń fọ́n titanium tàbí tánganran (tin) bíńtín sí i, bí iyọ̀ ọbẹ̀ ni, tó bá ti pọ̀ jù ó bà jẹ́. Nígbà mìíràn wọn ò tiẹ̀ fọ́n nǹkan kan, wọ́n á kàn yan án dé nǹkan bíi 800°C, tánganran tó wà lára gíláàsì á fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn wọnú ìdógùn-ún. Àmọ́ gíláàsì náà á fẹ́ máa rọ̀, ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú ni, èèyàn ò gbọ́dọ̀ sùn lọ.

Ẹnu ọ̀nà ló kù, ìyẹn ojú ibi tí ìdógùn-ún ti kan omi. Ihò mẹ́rin ló ń para pọ̀ ṣe ọ́síjìn kan, tí wọ́n bá ń dúró de ara wọn, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù á padà wá dí wọn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi cobalt àti phosphate, tàbí nickel àti irin, ra ojú ẹ̀ fẹ́rẹ́fẹ́. Ìdógùn-ún nìkan ò sì lè ti ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù dé ibi tó ga tó láti yọ háídírójìn, wọ́n ń fi sólà tì í lẹ́yìn.

Bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé cobalt tí wọ́n fi ra ojú ẹ̀ yẹn mú un: wọ́n á máa tan iná sí i, wọ́n á máa pa á. Tó bá jẹ́ ìdógùn-ún lásán, bí wọ́n bá ti tan iná báyìí, iná inú wáyà á fò sókè lójijì, á tún rọ̀ wálẹ̀ kíákíá, àwọn ihò tó há sẹ́nu ọ̀nà nìyẹn. Tí cobalt bá ti ṣiṣẹ́ ẹ̀, kò ní í fò mọ́, á kàn gòkè, á dúró síbẹ̀ títí wọ́n á fi paná.