Aṣojú kan fún odidi ìpínlẹ̀: ohun tí ìtàn Montana fi yé wa

Iṣẹ́ mi ni láti kọ́ àwọn ènìyàn wa tí wọ́n fẹ́ gba ìwé ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ní àwọn ohun tí wọn yóò bi wọ́n nígbà ìdánwò. Nínú àwọn ìbéèrè náà, ọ̀kan wà tí ìdáhùn rẹ̀ ń yí padà gẹ́gẹ́ bí ibi tí ènìyàn ń gbé bá ṣe yàtọ̀, èyí ni orúkọ ẹni tí ó ń ṣojú rẹ ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin. Ní ọdún 2019, nọ́ọ̀sì kan tí ó kó kúrò ní Houston lọ sí Billings, ní ìpínlẹ̀ Montana, pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mo ti wá nọ́ńbà ẹkùn ìdìbò mi títí, n kò rí i." Mo dá a lóhùn pé kò lè rí i, nítorí pé kò sí. Ní Texas tí ó ti ń bọ̀, aṣojú 36 ni wọ́n ní, ẹkùn kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà tirẹ̀; ní Montana ìgbà náà, odidi ìpínlẹ̀ ni ẹkùn, aṣojú kan ṣoṣo ló sì ń ṣojú gbogbo wọn.

Irú aṣojú bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní at-large. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ ló yàn láti ṣe é bẹ́ẹ̀, bí ẹni pé àwọn ará ibẹ̀ kò fẹ́ pín ilẹ̀ wọn. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́ lóde òní. Òfin orílẹ̀-èdè náà fi dá gbogbo ìpínlẹ̀ lójú pé kò sí èyí tí kò ní ní aṣojú kan ó kéré tán, bí ó ti wù kí àwọn ènìyàn rẹ̀ kéré tó. Àwọn àga tó kù ni wọ́n ń fi ìkànìyàn ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá pín. Láti ọdún 1913 ni iye àga inú ilé náà ti dúró sí 435, yàtọ̀ sí ìgbà díẹ̀ tí Alaska àti Hawaii wọlé, nítorí náà bí ìpínlẹ̀ kan bá rí àga gbà, ọwọ́ ìpínlẹ̀ mìíràn ni wọ́n ti mú un. Ìpínlẹ̀ 6 ni ó ní aṣojú kan ṣoṣo lónìí: Alaska, Delaware, North Dakota, South Dakota, Vermont àti Wyoming. Ṣùgbọ́n orúkọ at-large yìí ti ru ìtumọ̀ méjì tí kò jọra, Montana sì wà lára àwọn tí ó ti tọ́ méjèèjì wò.

Èkínní ni èyí tí mo ṣàlàyé fún nọ́ọ̀sì wa. Nígbà tí Montana di ìpínlẹ̀ ní ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá ọdún 1889, àga kan ni ó tọ́ sí i, Thomas H. Carter ló sì kọ́kọ́ jókòó sí i. Ìkànìyàn ọdún 1890 rí ènìyàn 142,924 péré níbẹ̀, lórí ilẹ̀ tí ó fẹ̀ tó ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá Nàìjíríà. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí títí di ọdún 1913, kò sì sí ohun tí ó ṣòro láti lóye nínú rẹ̀.

Èkejì ni ó ṣàjèjì. Àwọn àgbẹ̀ tí ìjọba ń fún ní ilẹ̀ ọ̀fẹ́ ti ń wọ́ lọ sí Montana, nígbà tí wọ́n sì ka ènìyàn ní 1910, wọ́n ti di 376,053, àga kejì sì bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ náà kò tíì fa ààlà kankan. Dípò kí wọ́n pín ilẹ̀ sí méjì, gbogbo ìpínlẹ̀ ń dìbò fún àga méjèèjì pọ̀: olùdìbò kọ̀ọ̀kan lè yan ènìyàn méjì, àwọn méjì tí ìbò wọn bá pọ̀ jù lọ ni yóò sì wọlé. Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ẹni tí ń du ipò. Kò pọn dandan kí ó gba ipò kìíní. Bí ó bá ṣe ipò kejì, ó ti dé ibi tí ó ń lọ. Ẹni tí ó yan olùdíje ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì ní ìbò kan lọ́wọ́ tí ó lè fi ta ẹlòmíràn lọ́rẹ.

Ọ̀nà yìí ni Jeannette Rankin gbà wọlé ní oṣù kọkànlá ọdún 1916. Ọmọ agbègbè Missoula ni, ó wà lára àwọn tí ó ṣáájú ìjàkadì tí àwọn obìnrin Montana fi gba ẹ̀tọ́ ìdìbò ní 1914, gbogbo ìpínlẹ̀ ló sì ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà náà. John M. Evans ti ẹgbẹ́ Dẹmọkirátì ló ṣe ipò kìíní. Rankin, tí ó jẹ́ ti ẹgbẹ́ Rìpọ́blíkà, ṣe ipò kejì, ó sì di obìnrin àkọ́kọ́ tí yóò jókòó ní Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì. Ní oṣù kẹrin ọdún 1917 ni ó wà lára àwọn 50 tí ó kọ̀ láti fọwọ́ sí ogun pẹ̀lú Jámánì. Láàárín ọdún kan náà ni ilé aṣòfin Montana fa ààlà tí wọn kò fà láti ìgbà tí àga kejì ti dé: wọ́n pín ìpínlẹ̀ sí ìwọ̀-oòrùn àti ìlà-oòrùn, Rankin sì bọ́ sí ìwọ̀-oòrùn, níbi tí ẹgbẹ́ Dẹmọkirátì ti lágbára jù. Ó rí i pé ọ̀nà ti dí, ó sì yà sí ìdìbò ilé aṣòfin àgbà ní 1918, nítorí pé odidi ìpínlẹ̀ ló ṣì ń dìbò fún ìyẹn, ṣùgbọ́n kò wọlé. Mo máa ń sọ fún àwọn tí mo ń kọ́ pé ẹni tí ó fa ààlà kò ní láti ka ìbò kankan kí ó tó pinnu ẹni tí ọ̀nà yóò là fún. Nígbà tí ó pa dà wá ní 1940, ẹkùn ìwọ̀-oòrùn yẹn gan-an ló rán an lọ, òun nìkan ló sì dìbò lòdì sí ogun pẹ̀lú Japan, 388 sí 1.

Ẹkùn méjèèjì wà bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ọdún 74. Irú òmìnira tí Montana lò láàárín 1913 sí 1919 sì ti parí báyìí: òfin kan tí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ṣe ní 1967 ní kí ìpínlẹ̀ tí ó bá ní ju aṣojú kan lọ máa pín ilẹ̀ rẹ̀ sí ẹkùn ẹlẹ́nì kọ̀ọ̀kan.

Ìkànìyàn ọdún 1990 ló dá ìjà sílẹ̀. Iye tí wọ́n fi pín àga ka Montana sí 803,655, wọ́n sì mú àga kan kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ìpínlẹ̀ náà gba ilé ẹjọ́ lọ, ẹ jẹ́ kí a jọ ṣe ìṣirò tí wọ́n gbé lọ síbẹ̀. Bí a bá pín gbogbo ènìyàn inú ìpínlẹ̀ 50 sí àga 435, ẹkùn kan yóò ní 572,466. Bí Montana bá ní àga kan, ẹkùn rẹ̀ yóò fi 231,189 ju ìwọ̀n yìí lọ. Bí ó bá ní méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò ní nǹkan bí 401,828, èyí tí ó fi 170,638 dín. Àlàfo kejì kéré sí ti àkọ́kọ́, nítorí náà Montana ní àga méjì ló bá ìdọ́gba mu, ilé ẹjọ́ ìsàlẹ̀ sì gbà fún un. Ṣùgbọ́n òfin tí wọ́n ń lò láti 1941 kì í fi ìyọkúrò wọn àlàfo. Ìlọ́po ló fi ń wọ̀n ọ́n. 803,655 jẹ́ ìlọ́po 1.40 ìwọ̀n náà, ìwọ̀n náà sì jẹ́ ìlọ́po 1.42 ti 401,828. Bí a bá lo òṣùwọ̀n yìí, àga kan ló sún mọ́ ìdọ́gba jù. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 1992, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ fẹnu kò láìsí ẹnì kan tí ó yapa, Adájọ́ John Paul Stevens ló sì kọ ìdájọ́ náà, pé ìwé òfin àgbà orílẹ̀-èdè (Constitution) kò sọ èyí tí ó yẹ kí a lò nínú òṣùwọ̀n méjèèjì, Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ló ni ẹ̀tọ́ láti yàn. Lójú tèmi, ìdájọ́ náà tọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dun àwọn ará Montana.

Ó wá di pé aṣojú méjì tí wọ́n ti wà lórí àga tẹ́lẹ̀, Pat Williams láti ìwọ̀-oòrùn àti Ron Marlenee láti ìlà-oòrùn, ní láti bá ara wọn du àga kan ní 1992. Williams ló borí, díẹ̀ ló sì fi borí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Rick Hill, Denny Rehberg, Steve Daines, Ryan Zinke, Greg Gianforte àti Matt Rosendale tẹ̀ lé ara wọn, gbogbo wọn láti ẹgbẹ́ Rìpọ́blíkà. Ní ìkànìyàn 2010, aṣojú kan ṣoṣo yìí ń ṣojú ènìyàn 989,415, ẹkùn tí èrò rẹ̀ pọ̀ jù lọ ní gbogbo Amẹ́ríkà, nígbà tí Rhode Island tí èrò rẹ̀ jẹ́ 1,052,567 ní méjì.

Ìkànìyàn 2020 rí 1,084,225 ní Montana, àga kejì sì pa dà. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún tí òfin ìpínlẹ̀ náà ti 1972 gbé kalẹ̀ ló fa ààlà ní 2021: ẹgbẹ́ méjèèjì ní ènìyàn méjì-méjì níbẹ̀, àwọn mẹ́rin yìí ló sì yẹ kí ó yan alága, ṣùgbọ́n wọn kò fẹnu kò, ilé ẹjọ́ ìpínlẹ̀ ló bá wọn yàn án. Ìbò alága ló sì pinnu ààlà náà, 3 sí 2. Láti oṣù kìíní ọdún 2023, Missoula, Butte, Bozeman àti Kalispell wà ní ẹkùn kìíní; Billings, Great Falls àti Helena wà ní ẹkùn kejì. Nọ́ọ̀sì wa ti ní nọ́ńbà báyìí, ẹkùn kejì ni tirẹ̀. Àwọn tí ó lè ṣì í ni àwọn ará Pondera, káńtì kan ṣoṣo tí ààlà náà gba inú rẹ̀ kọjá: káńtì kan náà ni wọ́n ń gbé, aṣojú méjì ló sì ń ṣojú wọn, nítorí náà àdírẹ́sì ilé ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí wọ́n tó kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀.