Mọ́líkù tó ń so sẹ́ẹ̀lì pọ̀ nínú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ tí kẹ́míkà fà lára eku

Mọ́líkù tó ń so sẹ́ẹ̀lì pọ̀ làwọn pùrótíìnì ojú awọ sẹ́ẹ̀lì tí sẹ́ẹ̀lì kan fi ń di èkejì mú. Wọn kì í ṣe àtè lásán o, wọ́n tún máa ń gbé ìròyìn láti ìta wọ inú sẹ́ẹ̀lì. Tí ẹ̀dọ̀ bá ń di jẹjẹrẹ, iye wọn àti ibi tí wọ́n wà máa ń yí padà, ara eku tí wọ́n fún ní kẹ́míkà ní lábù sì ni wọ́n ti rí púpọ̀ nínú èyí.

Kẹ́míkà

Láàárín 1930 sí 1939, ní Japan, Sasaki àti Yoshida po àwọ̀ azo (irú àwọ̀ kan tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe) mọ́ oúnjẹ eku títí jẹjẹrẹ fi yọ nínú ẹ̀dọ̀ wọn. Ní 1956 Magee àti Barnes ní England jábọ̀ pé kẹ́míkà dimethylnitrosamine náà ń fà á. Aflatoxin, májèlé tó ń wá láti ara ohun tó bu, di mímọ̀ lẹ́yìn tí tọ̀lótọ̀ló bíi 100,000 kú ní England ní 1960 torí oúnjẹ tí wọ́n fi ẹ̀pà tó ti bu ṣe.

Èyí tí wọ́n ń lò jù ni diethylnitrosamine, DEN. Ẹ̀ǹsáìmù inú ẹ̀dọ̀ ló ń yí i padà sí ohun tó ń ba DNA jẹ́. Solt àti Farber gbé ọ̀nà kan jáde ní 1976: DEN lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà kẹ́míkà mìíràn tí kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì tara ẹ̀ dá pín, wọ́n á wá gé bíi ìdá méjì nínú mẹ́ta ẹ̀dọ̀ náà kúrò, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ti yí padà nìkan lá máa hù di kókó, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kókó yìí á padà rí bí ẹ̀dọ̀ gidi, díẹ̀ ló ń di jẹjẹrẹ.

CEACAM1

CEACAM1 wà lára àwọn mọ́líkù ìsopọ̀ tí wọ́n tọpa jù. Ní 1982 Ocklind àti Öbrink ní Uppsala, Sweden, yọ ọ́ láti ara ẹ̀dọ̀ eku, wọ́n pè é ní cell-CAM 105 torí ìwọ̀n mọ́líkù ẹ̀ tó bíi 105,000 dalton. Áńtíbọ́dì (pùrótíìnì tó ń lẹ̀ mọ́ ohun kan pàtó) tí wọ́n ṣe sí i kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ti tú ká tún lẹ̀ mọ́ra. Ohun tó yani lẹ́nu níbẹ̀ ni pé nínú ẹ̀dọ̀ eku àgbà, etí ọ̀nà tóóró tí òróòro ń gbà ló pọ̀ sí jù, níbi tí sẹ́ẹ̀lì ò ti fi bẹ́ẹ̀ kanra, ó sì jọ pé iṣẹ́ ẹ̀ ju ìsopọ̀ lọ: òun náà ni pùrótíìnì pp120 tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí insulin mọ̀.

Oríṣi méjì ló wà, ọ̀kan ní ìrù gígùn, èkejì kúkúrú. Ní 1985 Hixson àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ rí i pé ó yí padà tàbí kó dínkù nínú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ eku tí wọ́n ń lọ́ láti ara eku kan sí òmíràn, ní 1989 wọ́n tún ṣàpèjúwe oríṣi ẹ̀ kan tó ti yàtọ̀. Torí náà, kéèyàn kàn sọ pé CEACAM1 sọnù nínú jẹjẹrẹ ò tó.

Àwọn yòókù

E-cadherin, mọ́líkù ìsopọ̀ mìíràn, nílò calcium kó tó lè ṣiṣẹ́. Ní 2014 wọ́n fi hàn pé eku kékeré (mouse, ẹ̀yà tó yàtọ̀ sí eku tòkè) tí ẹ̀dọ̀ ẹ̀ ò ní in máa ń tètè ní jẹjẹrẹ tí wọ́n bá fún un ní DEN. Connexin 32 kì í ṣe mọ́líkù ìsopọ̀ gan-an, ihò láàárín sẹ́ẹ̀lì ló ń ṣe, àmọ́ eku kékeré tí kò ní in náà máa ń ní kókó ẹ̀dọ̀ jù. EpCAM náà jẹ́ mọ́líkù ìsopọ̀, àmọ́ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ tó ti dàgbà kì í ní in.