Inú Ìsun Ni Surge Ti Wá

Ìgbì òkun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ rántí bí wọ́n bá gbọ́ surge, ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ohun tó ru sókè lójijì. Èmi ọmọ Èkìtì kò gbà. Inú ìsun ni wọ́n bí i sí, òkun kàn gbà á tọ́ ni.

Ẹ jẹ́ ká wú gbòǹgbò rẹ̀. Surgere làwọn ará Róòmù àtijọ́ ń pe dídìde. Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n so pọ̀: sub, ìyẹn láti ìsàlẹ̀, àti regere, ìyẹn kí a tọ́ nǹkan kó lọ tààrà. Àwọn Faransé gbà á, wọ́n sọ ọ́ di sourdre, wọ́n sì ń lò ó fún omi tó ń sun láti inú ilẹ̀. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì yóò fi mú un, tí ọdún 1500 kò tíì pé, ìsun omi ni ìtumọ̀ tó gbé wọlé. Ọmọ ìyá kan náà ni òun àti source. Àwa náà kúkú ṣe bẹ́ẹ̀: omi sun, a fi orí sí i, ó di orísun.

Ọkàn mi sọ fún mi pé etí omi bíi ti Ìkògòsì lẹni tó kọ́kọ́ lo surgere fún omi dúró sí. Láàárín àwọn òkè níbẹ̀, omi gbígbóná ń sun, ó tó 70°C lójú ìsun, omi tútù ń bọ̀ láti ọ̀nà tirẹ̀, wọ́n sì pàdé. Mo ti ki ọwọ́ bọ oríta omi náà: àtẹ́lẹwọ́ kan ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, èkejì ń tutù. Kò bú ramúramù bí òkun. Ó ń sun ṣáá ni, tọ̀sán-tòru. Ẹ sì rántí pé òkìtì, ilẹ̀ tó dìde, la ti rí orúkọ Èkìtì.

Àwọn tó ní òkun ni baba rẹ̀ kò wo ọjọ́ orí: nǹkan bí ọdún 1520 ni ìgbì tó wọ inú ìtumọ̀ rẹ̀. Kódà resurrection, àjíǹde tí à ń kọrin rẹ̀ lọ́jọ́ Ọdún Àjíǹde, inú surgere ló ti jáde.

Lẹ́yìn náà ló di ti iná mànàmáná. Ní 2007, Bush tó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà fi ọmọ ogun tó lé ní 20,000 kún àwọn tó wà ní Ìráàkì, surge ni wọ́n pè é. Nígbà Kòrónà, iye aláìsàn tó ru sókè náà jẹ́ ẹ, owó ọkọ̀ tó lé lójijì náà ń jẹ́ ẹ.

Lálẹ́ ọjọ́ kan ní Adó, iná dé, gílóòbù mọ́lẹ̀ rokoṣo, fíríìjì ìyá mi dún pàù, ó dákẹ́. "Surge ni, Màmá," ni oníṣẹ́ iná wí. Ìyá mi bi í pé, "Níbo ló gbà wá?" Ó na ọwọ́ sí ẹ̀yìn ògiri, níbi tí wáyà ti wọlé.