Àáké tó wà nínú ìyẹ́ eṣinṣin tsetse

Kì í ṣe gbogbo eṣinṣin tó bá gé màlúù jẹ ni tsetse. Tsetse ló ń gbé kòkòrò àìfojúrí Trypanosoma kiri, èyí tó ń fa àìsàn oorun lára ènìyàn àti nagana lára ẹran ọ̀sìn. Bí a bá ṣi eṣinṣin mìíràn pè ní tsetse, ibi tí kò yẹ ni a óò lọ dẹ pańpẹ́ sí. Àwọ̀ rẹ̀ kò sì ràn wá lọ́wọ́, torí eṣinṣin aláwọ̀ ilẹ̀ pọ̀ bí nǹkan míì.

Wò ó níbi tó bà lé, kí o tó mú un. Tsetse á pa ìyẹ́ rẹ̀ dé sórí ẹ̀yìn, ọ̀kan á gun èkejì pátápátá bí ẹnu sísọ́ọ̀sì tó pa dé, wọ́n á sì yọ kọjá ìdí rẹ̀. Ìyẹ́ eṣinṣin ilé ní tirẹ̀ á yà sọ́tùn-ún sósì. Àmọ́ tsetse tó kú sínú pańpẹ́ lè na ìyẹ́ gbalaja, àmì yìí á sì sọnù.

Èyí tí kì í sọnù wà nínú ìyẹ́ fúnra rẹ̀. Fi ẹ̀mú kékeré tẹ́ ìyẹ́ kan sórí bébà funfun, kí o mú lẹ́ǹsì tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 10. Láàárín ìyẹ́ náà, iṣan kẹrin ṣẹ́ kọ́rọ́, òun àti iṣan karùn-ún sì sé àyè kan mọ́ àárín tó rí bí àáké: èèkù tẹ́ẹ́rẹ́ kọjú sí ara eṣinṣin, ojú fífẹ̀ kọjú sí ṣóńṣó ìyẹ́. Tsetse nìkan ló ní i. Kódà bó jẹ́ ìyẹ́ jíjá kan péré ló kù, tí àáké náà bá ṣì hàn, ó ti tó.

Ẹnu ló máa ń tan ènìyàn jẹ. Ẹnu tsetse nà síwájú bí abẹ́rẹ́, ìdí ẹnu náà wú bí àlùbọ́sà kékeré. Ṣùgbọ́n Stomoxys, eṣinṣin tó máa ń yí ẹran ká ní ibùjẹ, náà ní ẹnu tó nà síwájú. Ọ̀pá méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ni kí o wò: ti tsetse gùn tó ẹnu fúnra rẹ̀, ó sì bò ó bí àkọ̀, ti Stomoxys kúrú, kò tó ìdajì ẹnu. Ìwo tsetse tún ní irun kan tó ní eyín lápá òkè nìkan, bí òòyà, eyín kọ̀ọ̀kan sì tún la ẹ̀ka wẹ́wẹ́. Eyín ti Stomoxys kò lẹ́ka.

Takọ tabo tsetse ló ń mu ẹ̀jẹ̀, kò dà bí ẹ̀fọn. Dojú rẹ̀ dé: akọ ní kókó róbótó tó ká sábẹ́ ìdí, abo kò ní.

Ó ku irú tsetse tó jẹ́. Èyí tó bá gùn ju mìlímítà 11 lọ sábà máa ń jẹ́ ti inú igbó kìjikìji, ẹ̀yà fusca. Fún àwọn tó kéré sí i, ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni ká wò, ó ní ègé 5. Bí gbogbo rẹ̀ bá dúdú, ẹ̀yà palpalis ni, ti etí odò. Bó bá jẹ́ méjì tó kẹ́yìn nìkan ló dúdú, ẹ̀yà morsitans ni, ti ilẹ̀ ọ̀dàn. Má ṣe fi ilà ikùn pín wọn o. Glossina tachinoides, irú tsetse kan tó kéré gan-an, ní ilà ketekete lórí ikùn bíi ti ọ̀dàn, bẹ́ẹ̀ ará etí odò ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń tú u fó. Gbígbẹ ni kí o tọ́jú èyí tí o bá fẹ́ wo ẹsẹ̀ rẹ̀, torí ọtí líle máa ń ṣí àwọ̀ náà.