Orúkọ Ta Ló Wà ní Igun Àwòrán?

Bí ẹ bá ti kọ́lé rí, ẹ ó ti rí àpótí kékeré kan ní igun ìsàlẹ̀ ìwé pílánù, lápá ọ̀tún. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ orúkọ onílé sí, àdírẹ́ẹ̀sì ilẹ̀, déètì, orúkọ ilé iṣẹ́, àti ẹni tó ya àwòrán náà gan-an. Ọ̀pọ̀ onílé kì í wo ibẹ̀. Iye yàrá àti ibi tí páálọ̀ kọjú sí ló jẹ wọ́n lógún. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá bi mí bóyá ilé iṣẹ́ ayàwòrán ilé kan ń ṣe déédéé sí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, igun yẹn ni mo máa kọ́kọ́ wò, kì í ṣe ìlérí tí wọ́n kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ara mi ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ, torí ọwọ́ mi ò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, ọmọbìnrin kan tó ti bá mi ṣiṣẹ́ fún ọdún 3 ní ọ́fíìsì wa n'Íbàdàn fẹ́ jókòó fún ìdánwò tí ayàwòrán ilé máa ń ṣe kó tó gba ìwé àṣẹ. Ó ní láti kọ irú iṣẹ́ tó ti ṣe sílẹ̀. Ó gbé ìwé náà wá sórí tábìlì mi. Ojú ewé tó wà fún yíyàwòrán kún dẹ́nu. Èyí tó wà fún àbójútó sáìtì mọ́ féú. "Ọ̀gá, kí ni kí n kọ síbí?" N kò rí èsì fọ̀. Ọdún kan gbáko ló fi sún ìdánwò náà síwájú nítorí mi.

Kì í ṣe pé mo kórìíra rẹ̀. Àánú ni mo rò pé mò ń ṣe é. Oòrùn ń mú, ọ̀nà ò dáa, àwọn ọmọ onílẹ̀ lè ya dé nígbàkugbà, ẹ jẹ́ kí àwọn ọkùnrin lọ. Òun á jókòó sídìí fáànù, á máa ya kíṣìnì, á máa to orúkọ táìlì àti ọ̀dà. Láàárín ọdún 3 yẹn, ọmọkùnrin tí wọ́n jọ wọlé lọ́jọ́ kan náà ti mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ irin wò kí wọ́n tó da kọnkéré, ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń bá kọngílá fa ọ̀rọ̀, ó sì ti ní nọ́ńbà àwọn onílé tó máa gbé iṣẹ́ fún un lọ́jọ́ tó bá dá dúró. Iye kan náà ni mò ń san fún àwọn méjèèjì, mo tiẹ̀ máa ń fi yangàn. Owó dọ́gba, iṣẹ́ ò dọ́gba.

Ohun tí a ṣe lẹ́yìn náà kò ná wa lówó. A ra ìwé ńlá kan, a fi ìlà pín in: ọjọ́, sáìtì, ta ló lọ, ta ló bá onílé sọ̀rọ̀. Ní òpin oṣù, a ó kà á sókè. Àwa mẹ́fà péré là ń bẹ ní ọ́fíìsì nígbà náà, síbẹ̀ lóṣù àkọ́kọ́ orúkọ ènìyàn méjì ló gba gbogbo ojú ewé náà kan. Bí ọ́fíìsì yín bá jẹ́ ti ènìyàn méjì, irú ìwé yìí wúlò. Bó bá jẹ́ ti igba ènìyàn, ẹ fi kọ̀ǹpútà ṣe é. Ẹ má kàn gbọ́kàn lé ìrántí, torí àwa ọ̀gá, ọjọ́ kan ṣoṣo tí a ṣe dáadáa la máa ń rántí.

Kí ẹ tó rán obìnrin lọ sí sáìtì, ẹ kọ́kọ́ lọ wo sáìtì náà. Bàtà onírin tí ilé iṣẹ́ máa ń rà kì í ju sáìsì 43 àti 44. Ẹni tó ń wọ 38 á ki àkísà bọ iwájú bàtà náà, á sì fi gun àkàbà. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ńkọ́? Ní ọ̀pọ̀ sáìtì, ẹ̀yìn òkìtì yanrìn ni. Inú owó iṣẹ́ ló yẹ kí ẹ ti ṣírò rẹ̀, bí ẹ ṣe ń ṣírò sìmẹ́ńtì.

Ti ẹnu tún wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọmọbìnrin wa kọ́kọ́ dá lọ, fọ́maàn wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní: "Àǹtí, ẹ káàbọ̀. Ọ̀gá dà?" Ó ní òun ni ọ̀gá. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pè mí lórí fóònù. Lọ́jọ́ kejì mo bá a lọ. Mo kó bíríkìlà, káfíńtà àti àwọn tó ń tẹ irin jọ, mo ní: "Ẹ̀yin bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni tí ẹ ń wò yìí ló ni iṣẹ́ yìí. Bó bá ní kí ẹ wó ògiri, ẹ má pè mí, ẹ wó o." Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tó fi ní kí wọ́n wó ọ̀kan lóòótọ́, torí pé kò gún. Wọ́n pè mí. N kò gbé e.

Irú ojú tí a fi ń wo ènìyàn yìí kì í ṣe ti ilẹ̀ wa nìkan. Norma Merrick Sklarek, ayàwòrán ilé, obìnrin aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, jáde ní Columbia University ní 1950. Ilé iṣẹ́ 19 ló kọ̀ ọ́. Ó ní òun ò mọ̀ bóyá torí pé òun jẹ́ obìnrin ni tàbí torí àwọ̀ ara òun. Ó gba ìwé àṣẹ ní New York ní 1954. Nígbà tó ṣí lọ sí Los Angeles ní 1960, kò tíì ní mọ́tò, ọkùnrin aláwọ̀ funfun kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló ń gbé e. Ọkùnrin náà kì í tètè dé. Ọ̀sẹ̀ kan péré, ọ̀gá ti pe Sklarek pé ó ń pẹ́, bẹ́ẹ̀ ó ti tó ọdún méjì tí ọkùnrin yẹn ti ń pẹ́ tí wọn ò rí i. Sklarek lọ ra mọ́tò tirẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ rántí àwọn tí ẹ ti bá wí lọ́dún yìí nítorí pípẹ́, kí ẹ sì wò ó bóyá àwọn nìkan ló ń pẹ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ orúkọ. Ní 1991, Robert Venturi nìkan ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn Pritzker, tí ọ̀pọ̀ kà sí èyí tó ga jù nínú iṣẹ́ wa. Denise Scott Brown, ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n jọ ni ilé iṣẹ́, tí wọ́n jọ ń yàwòrán, kò sí nínú rẹ̀. Ní 2013, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Harvard gba ìbuwọ́lùwé jọ pé kí wọ́n tún un ṣe, àwọn tó ń bójú tó ẹ̀bùn náà ní kò ṣeé ṣe. Nílé níbí, 1960 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán ilé, NIA, sílẹ̀; 2023 ni obìnrin kọ́kọ́ ṣe ààrẹ rẹ̀, Mọbọ́lájí Adéníyì.

Ibi tó le jù fún àwa ọ́fíìsì kékeré ni ìgbanisíṣẹ́, torí a kì í polówó iṣẹ́. Ọmọ ìjọ wa ni, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ni, iléèwé kan náà la jọ lọ. Èmi náà ti jẹ irú àǹfààní yẹn rí, n kò ní bú u. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn mẹ́jọ bá gba ẹnu ọ̀nà kan náà wọlé, èrò kan náà ni wọ́n máa kó wọlé. Ẹ lẹ iṣẹ́ náà síta pẹ̀lú. Kí ẹ fún gbogbo àwọn tó bá wá ní iṣẹ́ kan náà, ọmọ ẹ̀gbọ́n pàápàá: ilẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100, títì wà níwájú, kànga wà lẹ́yìn, kí wọ́n ya fúláàtì mẹ́rin sí i. Ẹ yọ orúkọ kúrò, ẹ fi nọ́ńbà dípò, kí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n máàkì rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí a ṣe é, ẹni tó gbégbá orókè jáde níléèwé tí n kò jẹ́ ka ìwé ọmọ ibẹ̀ parí tẹ́lẹ̀.

Ti owó oṣù, ẹ kọ iye tí iṣẹ́ náà tó sílẹ̀ kí ẹ tó mọ ẹni tó fẹ́ ṣe é. Ẹ má bi í pé, "Èló ni wọ́n ń san fún ọ níbi tó o ti ń bọ̀?" Bí wọ́n bá ti rẹ́ ẹ jẹ níbẹ̀, ẹ̀yin náà fẹ́ bá wọn rẹ́ ẹ jẹ nìyẹn. Ẹ má sì bi obìnrin nígbà tó máa lọ́kọ.

Àwọn ọmọ IT ńkọ́? Láti 1973 ni ètò tó ń gbé akẹ́kọ̀ọ́ wá sẹ́nu iṣẹ́ yìí ti wà, ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ló sì ń lò wọ́n láìsan kọ́bọ̀. Ẹ ṣírò owó ọkọ̀ láti Mọ́níyà dé Bódìjà, àlọ àti àbọ̀, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, fún oṣù 6. Ẹ fi oúnjẹ ọ̀sán lé e, ẹ fi láptọ́ọ̀pù tó lè gbé Revit, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya ilé, lé e. Ọmọ ta ló lè gbé e? Láti ìgbà tí a ti ń san owó ọkọ̀ wọn, tí a sì ní kọ̀ǹpútà tí wọ́n lè lò, irú àwọn tó ń wá ti yí padà. Ọ̀kan nínú wọn dàgbà nílé face-me-I-face-you tí yàrá 12 ń lo balùwẹ̀ kan. Ilé gbígbé akẹ́kọ̀ọ́ là ń yà nígbà tó dé. Ó wo pílánù tí èmi alára yà, ó ní: "Ọ̀gá, ẹ má bínú o. Àárọ̀ kan náà ni gbogbo wọn máa wẹ̀." Ó fi pẹ́ńsù fa ìlà tí wọ́n máa tò sí. Ìlà náà kọjá ẹnu ilẹ̀kùn mẹ́ta, ó sì dí àtẹ̀gùn. A tún un yà.

Òfin iṣẹ́ ní Nàìjíríà fún obìnrin ní ọ̀sẹ̀ 12 fún ìsinmi ìbímọ, ó sì ní kí wọ́n san ó kéré tán ìdajì owó oṣù fún ẹni tó bá ti lo oṣù 6 lẹ́nu iṣẹ́. Ìdajì ò tó. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí tó ń dùn wọ́n jù ni pé wọ́n á padà dé, iṣẹ́ tí wọ́n ń darí á ti di ti ẹlòmíràn. Kó tó lọ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé iṣẹ́ báyìí ló ń padà bọ̀ sí, kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i. Ẹ má sì fi ìpàdé sáìtì sí aago kan ààbọ̀ ọjọ́ Jímọ́ọ̀, kí ẹ wá máa ní Mùsùlùmí inú yín kì í sọ̀rọ̀ nípàdé.

Ní oṣù kìíní 2019 ni òfin tó ń gbèjà àwọn àkàndá ẹ̀dá di òfin ní Nàìjíríà. Ó fún àwọn ilé tí ará ìlú ń lò ní ọdún 5 láti ṣe ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ wọn lè gbà, ọdún náà sì ti pé. Àwa là ń ya ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wọ̀nyí fún báǹkì, ọ́fíìsì tiwa wá wà lókè àtẹ̀gùn onígbésẹ̀ 16. (Tèmi ni mò ń sọ. A ti gba yàrá kan nísàlẹ̀, tábìlì méjì wà níbẹ̀. Agbára wa ò tíì ká ẹ̀rọ agbéniròkè.)

Fún àwọn ilé iṣẹ́ ńlá, ètò kan wà tí International Living Future Institute ní Amẹ́ríkà ń pè ní Just. Ó dà bí àkọlé ara agolo mílíìkì tó ń sọ iye ṣúgà inú rẹ̀: ilé iṣẹ́ á kọ irú ènìyàn tó ń bá a ṣiṣẹ́ àti bí owó oṣù wọn ṣe jìnnà síra, á gbé e síta. Kò sọ pé ilé iṣẹ́ náà dára, ohun tó wà nínú agolo ló ń sọ.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ́lé, ẹ béèrè lọ́wọ́ ayàwòrán yín pé, "Ta ló ya èyí? Ṣé mo lè rí i?" Nínú àpótí tiwa, orúkọ mi nìkan ló máa ń wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, ẹni tó yà á, ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò, ẹni tó ń bójú tó sáìtì, gbogbo wọn ló wà níbẹ̀, títí kan ọmọ IT tó bá fọwọ́ kàn án. Lóṣù tó kọjá, ẹni tó ń bá wa tẹ pílánù ní lẹ́tà ti kéré jù, kò hàn mọ́. A fẹ àpótí náà ní ìwọ̀n ìka méjì.