Ẹ̀kọ́ Ítálì ní Yunifásítì Amẹ́ríkà

Ẹ̀kọ́ Ítálì jẹ́ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ní yunifásítì níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọ́ èdè Ítálì, tí wọ́n ń ka lítíréṣọ̀ rẹ̀, tí wọ́n sì ń wádìí àṣà àwọn tó ń sọ ọ́. Ní Amẹ́ríkà, ó ti lé ní igba ọdún tí wọ́n ti ń kọ́ ọ. Ní 1779 ni kọ́lẹ́ẹ̀jì William and Mary ní Virginia gba Carlo Bellini, ọmọ Florence, láti máa kọ́ni ní àwọn èdè òde òní, Ítálì sì wà lára wọn. Lónìí, àwọn yunifásítì ńlá kan ní ẹ̀ka Ítálì tó dá dúró. Ní ọ̀pọ̀ ibòmíràn, abẹ́ ẹ̀ka kan náà ni òun, Faransé àti Sípáníìṣì jọ wà.

Ìbẹ̀rẹ̀

Ẹni tí wọ́n máa ń dárúkọ jù nínú ìtàn ẹ̀kọ́ yìí ni Lorenzo Da Ponte. Ceneda, ní agbègbè Venice, ni wọ́n bí i sí ní 1749, nínú ìdílé Júù tó padà di Kátólíìkì. Òun ló kọ ọ̀rọ̀ inú ọ́pẹ́rà (eré orí ìtàgé tí wọ́n ń fi orin ṣe) mẹ́ta tí Mozart fi orin sí: Le nozze di Figaro (1786), Don Giovanni (1787) àti Così fan tutte (1790). Ó dé Amẹ́ríkà ní 1805, ó ṣòwò, ó ń kọ́ àwọn ènìyàn ní èdè rẹ̀, ó sì ń kó ìwé wọlé láti Ítálì. Ní 1825 Columbia College ní New York fi í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n èdè àti lítíréṣọ̀ Ítálì. Kọ́lẹ́ẹ̀jì náà kò san owó oṣù fún un. Owó tí akẹ́kọ̀ọ́ bá san ló ń jẹ. Ní 1838 ló kú.

Ní Harvard, Henry Wadsworth Longfellow, tó di ọ̀jọ̀gbọ́n níbẹ̀ ní 1836, kọ́ni ní iṣẹ́ Dante, akéwì ọmọ Florence, fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì tú gbogbo Commedia, ewì gígùn tí Dante kọ, sí Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1867 ni ìtumọ̀ náà jáde. Nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ Dante ti Amẹ́ríkà sílẹ̀ ní 1881, òun ni ààrẹ àkọ́kọ́.

Èdè tí wọ́n ń kọ́

Èdè tí akẹ́kọ̀ọ́ ń bá pàdé nínú kíláàsì kì í ṣe èdè abínibí gbogbo ará Ítálì láti ìgbà láéláé. Onímọ̀ èdè Tullio De Mauro ṣírò rẹ̀ pé, nígbà tí Ítálì di orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo ní 1861, bí ènìyàn 25 péré nínú 1,000 ló lè lo èdè yìí. Arrigo Castellani kò gbà bẹ́ẹ̀; ní tirẹ̀, wọ́n tó bí 100 nínú 1,000. Iye yòówù kó jẹ́, àwọn tó kù, èdè ìlú wọn ni wọ́n ń sọ: ti Venice, ti Naples, ti Sicily, ti Sardinia. Ẹ̀ka-èdè ni wọ́n sábà máa ń pe ìwọ̀nyí, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn jìnnà sí ara wọn débi pé ó tọ́ ká pè wọ́n ní èdè.

Ìwé ló sọ èdè Florence di ti gbogbo ènìyàn. Ní ọ̀rúndún kẹrìnlá, Dante, Petrarca àti Boccaccio fi í kọ iṣẹ́ tí àwọn ará ìlú mìíràn fẹ́ fara wé. Ní 1525 Pietro Bembo, ọmọ Venice, kọ̀wé pé ẹni tó bá fẹ́ kọ ewì, kó wo Petrarca. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ geere, kó wo Boccaccio. Accademia della Crusca, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ èdè tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Florence ní 1583, tẹ ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀ jáde ní 1612. Alessandro Manzoni, ará Milan, tún ìwé ìtàn-àròsọ rẹ̀ I promessi sposi kọ kí èdè inú rẹ̀ lè bá ti ẹnu àwọn ará Florence mu. Ẹ̀dà tuntun náà jáde láàárín 1840 sí 1842. Ẹ̀yìn èyí ni ilé-ìwé, iṣẹ́ ológun, rédíò àti tẹlifíṣọ̀n gbé èdè náà dé ilé mẹ́kúnnù. Ẹni tó mọ bí Bíbélì àti ìwé ilé-ìwé ṣe gbé Yorùbá àjùmọ̀lò dé ẹnu ọmọ Ìjẹ̀bú, Èkìtì àti Oǹdó kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá àlàyé. Ìdí nìyí tí ó fi ṣòro láti kọ́ èdè yìí dáadáa láìka lítíréṣọ̀ rẹ̀.

Nínú ìró, ohun tó máa ń kọ́kọ́ dààmú akẹ́kọ̀ọ́ ni gígùn kọ́ńsónáǹtì. Capello ni irun orí, cappello ni fìlà. Nono ni ìkẹsàn-án, nonno ni bàbá àgbà. Yorùbá mọ̀ pé ohun kékeré lè yí ọ̀rọ̀ padà, bí igba, igbá àti ìgbà. Ṣùgbọ́n ohùn ló ń ṣe é fún wa, nígbà tó jẹ́ pé ní Ítálì, ẹnu gbọ́dọ̀ dúró díẹ̀ lórí kọ́ńsónáǹtì náà kó tó tú u sílẹ̀. Nínú gírámà, akọ àti abo wọ inú ọ̀rọ̀-ìṣe pàápàá: ọkùnrin tó fẹ́ sọ pé “mo lọ” yóò ní sono andato, obìnrin yóò ní sono andata.

Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ náà ní ìlànà tirẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ń pe ẹgbẹ́ rẹ̀ ní tu, ìyẹn “ìwọ”, ó ń pe ọ̀jọ̀gbọ́n ní Lei. “Òun” fún obìnrin ni lei túmọ̀ sí níbòmíràn, síbẹ̀ tọkùnrin tobìnrin ni wọ́n ń fi í bọ̀wọ̀ fún. Ní gúúsù Ítálì, àwọn kan ṣì ń lo voi, ìyẹn “ẹ̀yin”, gẹ́lẹ́ bí Yorùbá ṣe ń fi “ẹ” kí àgbà kan ṣoṣo. Ní 1938 ìjọba Mussolini, apàṣẹwàá tó ń ṣàkóso Ítálì nígbà náà, gbógun ti Lei, ó ní voi ni kí wọ́n máa lò. Nígbà tí ìjọba náà wó, Lei padà sípò.

Kíláàsì Dante

Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, Dante nìkan ló ń gba odindi sáà kan tàbí méjì. Commedia ní kántò, ìyẹn orí ewì, 100 (34 ní apá kìíní, 33 ní ìkejì, 33 ní ìkẹta) àti ìlà 14,233. Ìlà mẹ́ta mẹ́ta ló ń rìn, wọ́n sì so kọ́ra bí ẹ̀wọ̀n. Ọ̀rọ̀ tó parí ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́ ni vita, oscura, smarrita. Ti mẹ́ta tó tẹ̀lé e ni dura, forte, paura. Ti ẹ̀kẹta ni morte, trovai, scorte. Ìró ìparí oscura tó wà láàárín ni dura àti paura gbà. Ti forte ni morte àti scorte gbà. Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ títí kántò yóò fi parí. Fáwẹ́lì ló parí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ọ̀rọ̀ Ítálì, nítorí náà ọ̀rọ̀ tó bá ara wọn dọ́gba ní ìparí kò wọ́n. Ní Gẹ̀ẹ́sì wọ́n ṣọ̀wọ́n, ìyẹn sì wà lára ohun tó jẹ́ kí àwọn olùtumọ̀ bíi Longfellow fi ìdọ́gba náà sílẹ̀. Charles Singleton ti Johns Hopkins fi ọ̀rọ̀ geere tú u, pẹ̀lú àlàyé tó gùn (1970 sí 1975), àwọn olùkọ́ sì ṣì ń lo àlàyé náà.

Ogun, ìdánwò àti iye akẹ́kọ̀ọ́

Columbia ṣí Casa Italiana, ilé tó wà fún ẹ̀kọ́ àti àṣà Ítálì, ní 1927. Giuseppe Prezzolini, òǹkọ̀wé ọmọ Ítálì, darí rẹ̀ láti 1930 sí 1940, ìwé ìròyìn The Nation sì fẹ̀sùn kàn án ní 1934 pé ó ń polongo fún ìjọba Mussolini. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, èdè ọ̀tá ni wọ́n ka Ítálì sí ní Amẹ́ríkà.

Ìdánwò AP (Advanced Placement) fún èdè àti àṣà Ítálì, tí ọmọ ilé-ìwé girama lè fi gba máàkì ní yunifásítì, wáyé fún ìgbà àkọ́kọ́ ní 2006. Wọ́n dá a dúró lẹ́yìn ti 2009, ó sì padà ní 2012. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ fún Ítálì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àti yunifásítì Amẹ́ríkà lé ní 80,000 ní 2009; ní 2016 wọ́n ti dín sí bí 57,000.

Àṣà àti ẹ̀kọ́ lókè òkun

Sinimá, ọ́pẹ́rà, oúnjẹ àti ìtàn àwọn ará Ítálì tó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́. Wọ́n tún ń ka àwọn òǹkọ̀wé Ítálì tí ìdílé wọn wá láti Áfíríkà, bíi Igiaba Scego, tí àwọn òbí ará Sòmálíà bí sí Róòmù ní 1974. Smith College ti ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ lo ọdún kan ní Florence láti 1931. Ilé-ẹ̀kọ́ Ítálì ti Middlebury ní Vermont, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1932, máa ń mú kí akẹ́kọ̀ọ́ fọwọ́ síwèé ẹ̀jẹ́ pé èdè Ítálì nìkan ni òun yóò máa sọ jálẹ̀ ẹ̀kọ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn náà, nínú kíláàsì, nídìí oúnjẹ àti nínú yàrá.