Ẹbí yímíyímí: kí ló dé tó fi ṣòro láti mọ èyí tó jẹ́ èwo?

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé inú ẹbí yímíyímí ni kòkòrò tí mo rí yìí wà lóòótọ́?

Àńtẹ́nà ẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, ẹ má tíì wo ìwo. Scarabaeidae lorúkọ tí àwọn onísáyẹ́ǹsì ń pe ẹbí yìí, oríṣi tó wà níbẹ̀ lé ní 30,000. Lórí àńtẹ́nà wọn, ẹ máa rí àwọn abala pẹlẹbẹ tó tò lé ara wọn, tó bá fẹ́ gbóòórùn á tẹ́ wọn sílẹ̀ bí ẹni ṣí abẹ̀bẹ̀, tó bá ṣe tán á pa wọ́n dé, wọ́n á di kókó kékeré kan. Pípadé yẹn gan-an lẹ máa ṣọ́ o, torí kòkòrò míì tó ń jẹ́ Lucanus náà ní abala bẹ́ẹ̀ àmọ́ kò lè pa á dé, ẹbí tiẹ̀ yàtọ̀.

Ìbéèrè: Àwọ̀ ẹ̀ ńkọ́?

Àwọ̀ á tàn yín jẹ. Ẹ wo Cetonia aurata, ọ̀kan nínú ẹbí yìí: àwọ̀ ewé tó ń dán ni ọ̀pọ̀ ẹ̀, ẹ sì máa rí aláwọ̀ bàbà, ẹ máa rí èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú, oríṣi kan náà ni gbogbo wọn.

Ìbéèrè: Kí wá ni kí n wò?

Ẹ dà á dojú dé, ẹ wo abẹ́ ẹ̀ àti ẹsẹ̀ ẹ̀. Yímíyímí gidi tó ń jẹ ìgbẹ́, iwájú orí ẹ̀ pẹlẹbẹ, ó bo ẹnu ẹ̀, ẹsẹ̀ àárín méjèèjì jìnnà síra níbi tí wọ́n ti so mọ́ ara, ẹ̀gún kan ṣoṣo ló sì máa ń wà níparí ojúgun ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Àwọn Aphodius náà ń jẹ ìgbẹ́ àmọ́ ẹ̀gún méjì ni tiwọn. Àwọn Cetonia kì í ṣí ìyẹ́ òkè tí wọ́n bá ń fò, ẹ̀gbẹ́ ni ìyẹ́ ìsàlẹ̀ ti ń yọ jáde, ẹ máa rí i pé etí ìyẹ́ òkè bù wọlé díẹ̀ lẹ́yìn èjìká. Agboolé kan nínú ẹbí yìí ń jẹ́ Rutelinae, èékánná wọn kan máa ń gùn ju ìkejì lọ. Àwọn pupa rúsúrúsú tó máa ń fò wá síbi iná lálẹ́ ló le jù, torí Melolonthinae, agboolé tí wọ́n ń kó wọn sí, DNA (ohun àjogúnbá inú ara) ti fi hàn pé kì í ṣe agboolé kan ṣoṣo.

Ìbéèrè: Ọ̀kan ní ìwo gígùn méjì, ìkejì ò ní, ṣebí oríṣi méjì nìyẹn?

Ó lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò jàre. Ẹ wo yímíyímí kan tó ń jẹ́ Onthophagus taurus: akọ tó jẹun yó nígbà tó wà ní ìdin á hu ìwo gígùn méjì, èyí tí oúnjẹ ò kárí á kéré, ìwo ẹ̀ ò ní tó nǹkan, ẹ máa rò pé abo ni. Àwọn kékeré yìí gbọ́n ṣá, tí oníwo bá ń ṣọ́ ẹnu ihò, wọ́n á gbẹ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ wọlé lọ bá ìyàwó ẹ̀.

Ìbéèrè: Òótọ́ ni pé nǹkan ọmọkùnrin ẹ̀ ni wọ́n ń yẹ̀ wò?

Òótọ́ ni, ẹ má rẹ́rìn-ín. Onthophagus nìkan, ìyẹn orúkọ àkọ́kọ́ tí wọ́n jọ ń jẹ́, oríṣi tó wà níbẹ̀ ju 2,000 lọ, òmíì ò sì yàtọ̀ síra lójú rárá. Wọ́n á rẹ òkú kòkòrò sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kó lè rọ̀, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ fa kiní ọ̀hún jáde, wọ́n á wò ó lábẹ́ máíkíróskóòpù, ó máa ń le, bó ṣe rí lára oríṣi kan kì í sábà rí bẹ́ẹ̀ lára ìkejì. Tó bá wá jẹ́ abo nìkan lẹ rí, wàhálà dé.

Ìbéèrè: Ṣé DNA ò ti yanjú gbogbo ẹ̀ ni?

Ó ràn wọ́n lọ́wọ́ gan-an. Àmọ́ apá DNA tí wọ́n sábà máa ń kà, tí wọ́n ń pè ní COI, ọ̀dọ̀ ìyá nìkan ló ti ń wá, tí oríṣi méjì bá ti bára wọn gùn rí, ó lè ṣini lọ́nà.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí orúkọ èèyàn fi máa ń wà nínú àkámọ́ lẹ́yìn orúkọ àwọn kan, tí ti òmíì ò sí?

Ẹni tó kọ́kọ́ sọ oríṣi náà lórúkọ ni wọ́n ń kọ síbẹ̀, pẹ̀lú ọdún tó sọ ọ́. Lọ́dún 1758, abẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, Scarabaeus, ni onísáyẹ́ǹsì ará Sweden, Carl Linnaeus, kó èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sí, tó fi mọ́ Lucanus. Èyí tó ṣì wà níbi tó fi í sí, bíi Scarabaeus sacer Linnaeus, 1758, kò ní àkámọ́. Èyí tí wọ́n bá ti gbé kúrò máa ní in: Cetonia aurata (Linnaeus, 1758), Scarabaeus auratus ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Torí náà tẹ́ ẹ bá rí orúkọ méjì tí apá ìparí wọn jọra, tí èèyàn àti ọdún ẹ̀yìn ẹ̀ sì bára mu, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ kòkòrò kan náà ni, ó kàn kó kúrò nílé kan lọ sí òmíì ni.